Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin: a ti dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ká kó lọ?

Bàbá Ìbejì

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ kó kúrò l'Ékòó. A ti lọ wo Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin, a sì sùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo wọn ló wù wá, ohun tó sì ń dà wá láàmú gan-an nìyẹn. Ìbàdàn gbòòrò, oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wà káàkiri. Abẹ́òkúta kò láriwo, ó sì sún mọ́ Èkó. Ìlọrin ní tirẹ̀, ara tuni níbẹ̀, a ò rí súnkẹrẹ fàkẹrẹ kankan tó dá wa dúró.

Bí tiwa ṣe rí nìyí. Ọ́fíìsì mi wà ní Aláúsá, n'Ìkẹjà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo gbọ́dọ̀ yọjú, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ yòókù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Àwọn ìbejì wà ní JSS2. Màmá mi ń bá wa gbé, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oṣooṣù ni wọ́n ń rí dókítà. Ilé oníyàrá mẹ́ta la fẹ́ háyà, a ò tíì fẹ́ ra ilẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé: kí ni àlejò kì í rí nígbà tó bá lọ wo ìlú, tí ayálégbé á wá bá pàdé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Báwo la ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò ká tó san owó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bá mi yin ìlú yín, ẹ là á yé mi.

Ọmọ Lísàbi

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ètò. Ọjọ́ méjì tí ẹ ó máa lọ sí Aláúsá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà s'Ékòó. Ìlọrin tó nǹkan bíi 300 kìlómítà sí Èkó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ àti bọ̀? Kò ṣeé ṣe, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ó ku Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní June 2021, tó gùn tó kìlómítà 157, gba ìlú méjèèjì kọjá, ibẹ̀ sì ni àlejò ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á gbọ́ pé "rélùwéè wà," wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wo ibi tí ibùdókọ̀ wà. T'Ìbàdàn wà ní Mòníyà, lẹ́yìn Òjóò, lápá àríwá pátápátá. Ẹni tó bá gba ilé sí Challenge tàbí Olúyọ̀lé Estate á la gbogbo ìlú já kó tó débẹ̀. T'Abẹ́òkúta wà ní Ladérin, nítòsí Òkè-Mosàn níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ó jìnnà sí Lafenwá àti Àdìgbè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè Òkè-Mosàn kò níṣòro.

Ẹ tún wo aago. Aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń lò jù láti ìhà méjèèjì. Ẹ wo èyí tó wà nílẹ̀ báyìí lórí ìkànnì NRC (ilé iṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà). Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Mòníyà ní aago mẹ́jọ, á gbà tó wákàtí méjì àti ààbọ̀ kó tó dé Èbúté Mẹ́ta. Ẹ ó sọ̀ ní Agége, ẹ ó wọ ọkọ̀ Red Line, rélùwéè inú ìlú Èkó, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti October 2024, ibùdókọ̀ kan ṣoṣo sì ni láti Agége sí Ìkẹjà (káàdì Cowry ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹ ti ra tiyín sílẹ̀). Bó ṣe wù kó yá tó, aago mẹ́wàá á ti kọjá lára ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹni tó wọ̀ ọ́ l'Ábẹ́òkúta náà á kàn máa sáré bọ̀ ni. Nírọ̀lẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní Aláúsá kí aago mẹ́rin tó lù. Àfi tí ọ̀gá yín bá gbà pé kí ẹ máa wọlé ní aago mọ́kànlá, kí ẹ sì jáde ní mẹ́ta ààbọ̀, ẹ má ka rélùwéè mọ́ ohun tí ẹ ó gbọ́kàn lé.

Ojú títì ni tiyín. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé Aláúsá kò jìnnà sí Berger rárá: bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Marosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ti dé tán. Láti Òkè-Mosàn, ẹ gba Kobapé àti Sìún jáde sí Sagamu Interchange, kí ẹ wá kọrí sí Mowe, Ìbàfò àti Kara. Àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 80 kìlómítà. Láti Tollgate Ìbàdàn dé Berger ju 100 lọ dáadáa. Ká pe ìyàtọ̀ rẹ̀ ní 30 kìlómítà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ jẹ́ 120, lóṣù ó ti ń súnmọ́ 500. Mọ́tò tó ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan á jẹ 50 lítà epo lóṣù lórí ìyàtọ̀ yẹn nìkan, láìka táyà àti ara yín.

Ẹ gbéra kí aago márùn-ún tó kọjá, kí ẹ lè ré kọjá Kara kí ọkọ̀ àwọn ará Mowe àti Ìbàfò tó kún ojú ọ̀nà. Bí iṣẹ́ bá gbé yín lọ ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ tètè padà: ọjọ́ yẹn ni ìsìn Redemption City, ọ̀nà máa ń dí láti ọ̀sán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni júwe ọ̀nà Ifọ̀ àti Sàngó Ọ̀tà fún yín torí pé ó kúrú lórí máàpù. Ọ̀nà yẹn á pa mọ́tò yín, á sì jẹ àkókò yín.

Ará Mọ́kọ́lá

Ọmọ Lísàbi ti ṣàlàyé ọ̀nà dáadáa, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin mìíràn wà nínú ilé yẹn tí kì í lọ sí Aláúsá. Ìbàdàn ni mo fọwọ́ sí, torí ìyàwó àti màmá.

Ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì wúlò káàkiri Nàìjíríà, kò sí pé ẹ̀ ń gba òmíràn torí ẹ kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n lè kọ̀wé béèrè ìṣípòpadà sí UCH n'Ìbàdàn, sí FMC Ìdí-Àbá l'Ábẹ́òkúta tàbí sí UITH n'Ílọrin, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kúrò àti èyí tí wọ́n ń lọ gbọ́dọ̀ gbà pọ̀, ó sì lè pẹ́. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, Ìbàdàn ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bákan náà, bí iṣẹ́ Aláúsá bá dáwọ́ dúró lọ́la, níbo ni iṣẹ́ mìíràn wà? Ẹ fi èyí náà sínú ìṣirò.

Ní ti màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru kò nílò UCH lóṣooṣù. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà lóru, tí ẹ lè dé láàárín ogún ìṣẹ́jú, ni wọ́n nílò. Ẹ wa mọ́tò láti ilé tí ẹ fẹ́ gbà dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ wò ó bóyá géètì àdúgbò máa ń ti, ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ń ti géètì láti aago mọ́kànlá di márùn-ún ìdájí. Ìyẹn náà kan ẹ̀yin tí ẹ ó máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. (Abẹ́òkúta náà kò ṣàìní: Sacred Heart ní Lántòro ti wà láti 1895.)

Bó bá jẹ́ Ìbàdàn, apá gúúsù ni kí ẹ wá ilé sí: Challenge, Olúyọ̀lé Estate, Ring Road, ojú ọ̀nà Akala Express. Bódìjà àti Àgódi GRA dára, àmọ́ owó wọn ga. Àkóbọ̀ ń dàgbà kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ s'Ékòó láti ibẹ̀ ti kọ́kọ́ ná wákàtí kan dànù nínú ìlú.

Omíyalé ni ohun tí àlejò kì í rí n'Ìbàdàn. Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 August 1980, ó pa èèyàn rẹpẹtẹ. Ní ọjọ́ 26 August 2011 ó tún ṣẹlẹ̀, ó wó afárá, ó gbé ilé lọ. Odò Ọ̀nà, Ògbèrè àti Kúdẹtì wà níbẹ̀ síbẹ̀, àìmọye gọ́tà tí kò lórúkọ sì ń ṣàn sínú wọn. Tí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu géètì àwọn aládùúgbò. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì dí ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi ti wọ ilé wọn rí ni. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì: ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó lọ gbọọrọ ní ìwọ̀n orúnkún, tàbí ọ̀dà tuntun tó mọ sí ìsàlẹ̀ ògiri nìkan. Ẹ wo ilé tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ bá ga ju ojú títì lọ ní mítà kan, ẹni tó kọ́ ọ mọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lórí Google Maps, kí ẹ tọ ìlà igi tútù tó wà láàárín òrùlé. Ojú odò ni. Bí ilé yín bá wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ padà lẹ́yìn òjò ńlá kan kí ẹ tó dáhùn.

Ẹ ṣe ohun kan náà l'Ábẹ́òkúta o. Tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán, odò Ògùn máa ń kún, àwọn tó wà létí rẹ̀ ní ìhà Lafenwá ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Oníná Ìlú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ iná. Iná kì í ṣe ti ìlú, ti fídà (wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) ni. Ẹni méjì lè fẹ̀yìn kọ́ra wọn ní àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan wà ní Band A, tó yẹ kó máa rí wákàtí 20 lójúmọ́, kí èkejì wà ní Band D tó jẹ́ 8. Band B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, E jẹ́ 4. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ, IBEDC kan náà ló ń pín iná fún wọn, torí náà ẹ má béèrè pé "ṣé iná wà n'Ìbàdàn?" Fídà wo ló ń gbé iná wá sí òpópónà yìí? Ìyẹn ni kí ẹ béèrè.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ èjẹ́ǹtì gbọ́. Ẹ bẹ aládùúgbò pé kó fi rìsíìtì tó fi ra iná kẹ́yìn hàn yín. Ní April 2024 ni wọ́n gbé yúnítì kan ní Band A lọ sí ₦225, ó sì wá rọ̀ sílẹ̀ sí ₦209.50 nígbà tó yá. Bí iye yẹn bá ṣì wà, ₦10,000 á fún ènìyàn ní yúnítì bíi 44, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ VAT 7.5%. Bí tirẹ̀ bá ju 100 lọ, kì í ṣe Band A, ohun yòówù kí èjẹ́ǹtì sọ.

Kí ẹ tó máa yọ̀ pé Band A ni, ẹ ṣírò. Fíríìjì kan, yúnítì kan ààbọ̀ lójúmọ́. Fáànù mẹ́ta fún wákàtí mẹ́wàá, bíi méjì dín díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, ìdajì. Gílóòbù mẹ́wàá tó jẹ́ wáàtì 9, ìdajì. Áyọ́ọ̀nù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdajì. Ẹ̀rọ tó ń fa omi fún wákàtí kan, yúnítì kan. Ó ti tó 6 lójúmọ́, 180 lóṣù: nǹkan bíi ₦40,000. Ẹ wá fi AC kan tó jẹ́ họ́ọ̀sì kan tàn fún wákàtí mẹ́jọ lóru, ẹ fi yúnítì márùn-ún kún un lójúmọ́, ó ti di ₦74,000. Owó Band B kò tó ìdajì èyí lórí yúnítì. Fún ẹni tó ní inverter, Band B tí wákàtí 16 rẹ̀ pé tó ni, owó á sì kù lápò.

Nǹkan méjì mìíràn. Ẹ ra iná ₦1,000 sórí mítà ilé náà kí ẹ tó san owó ilé. Bí ayálégbé tó kó lọ bá ti jẹ gbèsè, ẹ ó rí i lórí rìsíìtì bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Láńlọ́ọ̀dù ni kó san án, ẹ má jẹ́ kó di tiyín. Èkejì: ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn fóltéèjì, èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná. 220 ló yẹ. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ 180, ẹrù ti pọ̀ jù lórí táńsífọ́mà: ẹ̀rọ omi ò ní gbéra, á kàn máa kùn, fíríìjì á sì jó mọ́ yín lọ́wọ́. Láàárọ̀ tí àlejò ń wo ilé, kò lè rí èyí láéláé.

Agbẹ́kànga

Ti omi. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin jókòó lé. Inú ìpele ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta náà, àti inú ojú ibi tó ti sán, ni omi wà. Ìdí nìyẹn tí bọhóòlù Lágbájá fi lè máa ṣàn, tí ti Tàmẹ̀dò tó fẹ́ǹsì kan ṣoṣo wà láàárín wọn á gbẹ ní February. Ẹni tó bá lọ wo ilé nígbà òjò á rí kànga tó kún dẹ́nu. Ẹ bi àwọn ayálégbé, kì í ṣe láńlọ́ọ̀dù: "Ní March, níbo lẹ ti ń pọnmi?" Bí wọ́n bá dárúkọ àwọn tó ń ta omi kiri tàbí ilé ẹlòmíràn, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí táńkì lítà 1,000 fi kún. Ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì bá pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, tàbí omi bá ń sẹ́ tó ń tú atẹ́gùn, tó sì dọ̀tí, kànga náà kò lágbára. Ẹ̀yin márùn-ún, bí ẹnì kan bá ń lo lítà 50 lójúmọ́, táńkì 1,000 á gbé yín fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ilé mélòó ló ń pín kànga náà?

Ẹ bu omi sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá mọ́ nígbà tí ẹ bù ú, tí ìdọ̀tí pupa wá wà nísàlẹ̀ láàárọ̀, irin wà nínú rẹ̀. Á pa aṣọ funfun láwọ̀, á sì ba báfù jẹ́. Ẹ wọn ibi tí sọ́kàwéè wà sí kànga, tiyín àti ti aládùúgbò. Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Níbi tí ilé ti fún pọ̀ mọ́ra, ẹ ò ní rí i. Ẹ má mu omi yẹn láìsè é.

Ará Gáà Àkànbí

Ẹ ti lé Ìlọrin jáde nílé kó tó jókòó. Mo gbà pé ẹni tó ń lọ sí Aláúsá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò lè gbé ibẹ̀. Bàbá Ìbejì, bí ọ́fíìsì yín bá yí i sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ tún padà wò ó, torí ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: ọkọ̀ òfuurufú ń lọ s'Ékòó láti ibẹ̀, kò sì tó wákàtí kan lójú ọ̀run. Ojú títì gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Apá Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń dá ènìyàn lágara.

Ohun tí àlejò kì í rí n'Ílọrin ni ooru. Láti February títí òjò á fi rọ̀ dáadáa, ilé tí òrùlé rẹ̀ kò ga kò ṣeé sùn láìsí AC tàbí fáànù tó ń yí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ fi kún ìṣirò Oníná. Lásìkò ọyẹ́, eruku púpọ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée (asthma) á mọ̀ ọ́n lára. Tánkẹ̀ tí èjẹ́ǹtì máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ wà lójú ọ̀nà Unilorin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀, owó ilé ga torí tiwọn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì máa ń wúwo lálẹ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ìdílé tó ní màmá àgbà, Adéwọlé tàbí GRA ló bá wọn mu. UITH wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Ó jìnnà sí Tánkẹ̀ ju bí àlejò ṣe rò lọ.

Bàbá Ìbejì

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. A ti yọ Ìlọrin. Ó ń fà sí Òkè-Mosàn àti Ladérin, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ará Mọ́kọ́lá nípa iṣẹ́ ìyàwó mi ṣì ń dún létí mi. Ó ku nǹkan méjì: íntánẹ́ẹ̀tì, torí ìpàdé lórí fídíò ni mò ń ṣe jù, àti àwọn ọmọ. Ṣé ká dúró kí wọ́n ṣe JSS3 tán?

Ìyá Olùkọ́

Ẹ kó wọn kí JSS3 tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má kó wọn ní àárín rẹ̀. JSS3 ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún BECE (ìdánwò ìparí JSS3), lábẹ́ ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tó bá dé ní sáà kejì lè bá ìforúkọsílẹ̀ tó ti parí, máàkì ìdánwò inú kíláàsì rẹ̀ á sì ṣòroó kó jọ. Bí ẹ bá pàdánù August yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí BECE l'Ékòó, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ SS1 níbi tuntun. Àkókò yẹn náà dára. Lẹ́yìn SS1, ó ti ń le, torí iṣẹ́ tí ọmọ yàn kò gbọ́dọ̀ yí mọ́. SS3, ẹ má dán an wò rárá.

Ẹ gba lẹ́tà ìṣípòpadà àti káàdì èsì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti JSS1 àti JSS2 kí ẹ tó kúrò. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ bá jẹ ní gbèsè kò ní kọ lẹ́tà náà. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí Ọ̀yọ́, torí ọjọ́ ìwọlé wọn kì í sábà bá ti Èkó dọ́gba. Tí ẹ bá lọ wo ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ ka orí àwọn ọmọ nínú kíláàsì JSS3, kí ẹ sì béèrè olùkọ́ ìṣirò pé ó ti pẹ́ tó níbẹ̀.

Ọmọ Lísàbi

Ti íntánẹ́ẹ̀tì: Abẹ́òkúta kún fún òkè àti àpáta, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé tó wà ní orí òkè lè ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kíkún, kí èyí tó wà ní àfonífojì lẹ́yìn àpáta kan náà máa wá a kiri. Ẹ mú síìmù ilé iṣẹ́ mẹ́ta dání. Inú yàrá tí ẹ fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì ni kí ẹ ti dán an wò, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Iye tó ń gòkè (upload) ni kí ẹ wò, kì í ṣe èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ (download) nìkan: fún fídíò, ó yẹ kó dúró ṣinṣin ní Mbps 3. Ẹ tún wo òpó inú àdúgbò bóyá wáyà fáíbà ti kọjá.

Bí kò bá sí, Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti January 2023, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ojú ọ̀run tí igi tàbí òrùlé kò dí, ó sì ń jẹ wáàtì 50 sí 75. Ẹ fi í sínú ìṣirò inverter. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah ní wáàtì-wákàtí 2,400; bí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè kú, ìdajì ni kí ẹ máa lò, tí ẹ bá sì yọ ohun tí inverter ń jẹ fúnra rẹ̀, ó ku bíi 1,000. Kọ̀ǹpútà alágbèéká 60, Starlink 70, fáànù 60, gílóòbù 20: wáàtì 210. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún. Bí fídà yín bá ń mú iná lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan, bátìrì kan kò tó.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ padà lọ sí òpópónà yẹn lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ gba ilé àlejò tó sún mọ́ ọn jù, ẹ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ gbéra lọ sí Aláúsá ní aago tí ẹ ó máa gbéra gan-an, kí ẹ padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹ lè ṣe ti Challenge n'Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ìyàwó yín sì fi ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni kí ẹ tẹ̀ sí.

Tó bá dórí owó, iye tí ẹ ó san lápapọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ni kí ẹ béèrè. Ilé tí wọ́n pè ní ₦1,000,000, tí àgírímẹ́ǹtì, kọ́míṣọ̀n àti owó ìdúró (caution fee) bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, ₦1,300,000 ló jẹ́. Ẹ béèrè ti ọdún kejì náà, kí ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ya fídíò gbogbo yàrá, sílíìnì, sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ omi àti nọ́ńbà tó wà lórí mítà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí láńlọ́ọ̀dù lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀, kí owó ìdúró yín má bàa di àríyànjiyàn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ.

Kí ẹ sì kó ẹrù láàárín òpin July sí ìdajì August. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi nígbà yẹn, òjò sì máa ń sinmi díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní September. Ẹ wá tapólì mọ́ ọn náà.